Ohùn Tó Wà Nínú Fóònù Ìyàwó Awakọ̀

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Kìítòògbé. Kò sí ọ̀nà tó jìn lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń já ìyàwó rẹ̀ sí. Á ní, "Bá mi kí Jésù o. Sọ fún un pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́jọ́ kan, àyà dì í mú gírígírí lórí ìjókòó ọkọ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Dókítà ní kó máa wá ṣe eré ìdárayá ní ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè lágbára padà.

Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ń hanrun, bóyá èémí rẹ̀ máa ń dá lójú oorun. Kìítòògbé mọ̀ pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun.

"Èmi kẹ̀? Bí ọmọ ọwọ́ ni mo ń sùn." Ó sì buwọ́ lu ìwé ìbéèrè náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ìyàwó yín wá síbí láàárọ̀. Ó ti gba ohùn oorun yín sórí fóònù. Èémí yín ń dá, ó sì ń pẹ́ kó tó padà. Ọkàn yín ò lè gba ìyẹn. Ẹ má wakọ̀ títí a ó fi tọ́jú yín, kí oorun má bàa gbé yín lọ nídìí ọkọ̀."

Ìyàwó òun! Ẹni tí òun ń tú inú òun fún, ẹni náà ló wá lọ tú òun fó níta! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò dá a lóhùn. Bó bá gbé oúnjẹ wá, á kọ ojú sí ògiri.  Ìyàwó kàn gbé fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín." Kìítòògbé sọ ọ́ sínú àpò, kò gbọ́ ọ.

Ní yàrá eré ìdárayá, bíríkìlà àgbà kan ń rìn lórí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Kìítòògbé ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú ilé mi ni ọ̀dàlẹ̀ ń gbé." Ó sì rojọ́ náà fún un.

"O ti gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀ náà?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Ariwo imú mi?"

"Gbọ́ ọ dópin kó o tó dájọ́, àbúrò. Ọdún méjì lèmi fi bínú sí Jésù nítorí àyà mi yìí, n ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ."

Kìítòògbé jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó gbé fóònù sétí. Ó gbọ́ híhanrun bí ẹni ń rẹ́ igi tútù. Lójijì, kẹ́kẹ́ pa. Kò sí èémí rárá. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́:

"Jésù, má jẹ̀ẹ́ kó lọ báyìí. Kò tíì mọ̀ Ọ́. Èémí kan sí i, Baba mi."

Ó gbọ́ bí òun ṣe fa èémí háà! Kò pẹ́, kẹ́kẹ́ tún pa. "Èémí kan sí i, Baba." Ó kà á dé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, ẹkún ò jẹ́ kó kà á mọ́. Ta wá ni ọ̀dàlẹ̀? Ṣé obìnrin tí kò sùn ni, àbí ọkùnrin tó fẹ́ fi irọ́ kó odindi bọ́ọ̀sì èèyàn sọ́nà?

Ó délé, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ mi, dárí jì mí. Ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, mú mi lọ bá a." Wọ́n jọ kúnlẹ̀. Ó ní, "Olúwa, èmi ni mo dalẹ̀. Irọ́ ni mo fi ń bo ara mi. Gbà mí."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ kọ òtítọ́ sínú ìwé náà. Ìbòmú tó ń fẹ́ atẹ́gùn ló fi ń sùn báyìí. Wọn ò tíì dá ọkọ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n ó ti ń wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, ta lò ń bá ṣọ̀tá nítorí pé ó sọ òtítọ́ nípa rẹ? Jésù mọ ohun tó o buwọ́ lù, síbẹ̀ Ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ. Èémí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ mí yẹn, ẹnì kan ló bá ọ tọrọ rẹ̀. Fi èyí tó kàn pè É.