Ògiri Tí Ìyàwó Mi Fẹ́ Mọ

Ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ń gé aṣọ, ìyàwó mi ní ń rán an. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é láìjà. Àfi lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n gbé aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, odindi ọgọ́ta, fún ará ìta láti gé, tó sì kó ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà lọ sílé.

"Ó fẹ́ kó àwọn oníbàárà lọ ni," ìyàwó mi ní.

Èmi onígbàjámọ̀, tó yẹ kí n pẹ̀tù sọ́rọ̀ náà, èmi ni mo tún ń koná mọ́ ọn. "Pè é lẹ́jọ́," mo ní. Ló bá pẹjọ́ pé kí wọ́n mọ ògiri sáàárín ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kò ju yàrá kan lọ o. Tí ògiri bá wọ̀ ọ́, kò sí ibi tí tábìlì ìgéṣọ á gbà mọ́, iṣẹ́ ìyá wọn parí nìyẹn.

Ọdún kan gbáko la fi ń lọ tí à ń bọ̀. Nígbà tó yá, adájọ́ ní ká kọ́kọ́ lọ sí yàrá ìlàjà, nínú ọgbà kóòtù níbẹ̀.

"Èmi kì í ṣe adájọ́," onílàjà, obìnrin kúkúrú kan, sọ fún wa. "Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tí ẹ bá sọ níbí kò ní dé etí adájọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì ní fi tipá mú yín fọwọ́ síwèé."

Ó fi ẹ̀gbọ́n sí yàrá kejì, ó kọ́kọ́ gbọ́ tiwa. Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, obìnrin náà ò dá a lẹ́nu. Ẹ̀yìn náà ló ní, "Tí mo bá gbọ́ ọ yé, ohun tó dùn ọ́ ni pé wọ́n fi ará ìta rọ́pò rẹ."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ní gbogbo ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ ògiri nìkan lèmi gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Onílàjà lọ sí yàrá kejì, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní nǹkan tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ṣé o máa jẹ́ kó sọ ọ́ tán?"

Ẹ̀gbọ́n wọlé, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì," ó ní. "Mi ò rí ìlà ṣọ́ọ̀kì mọ́. Mo gé búláòsì méjì bàjẹ́, mo lọ dáná sun wọ́n. Ìwé ìwọ̀n yẹn, ọmọ mi ló ń kà á sí mi létí, kí n lè há a sórí. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ò ríran mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe sọ fún mi?"

"Ojú ń tì mí ni."

"Èmi sì rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò tẹ́ yín lọ́rùn."

Inú mi dùn débi pé mo dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ, mo tún jókòó.

Kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti fẹnu kò: kò sí ògiri mọ́, àbúrò á máa gé aṣọ, ẹ̀gbọ́n á máa gba oníbàárà, á sì lọ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì fọwọ́ síwèé, adájọ́ fòǹtẹ̀ lù ú, ó sì di ìdájọ́. Ọ̀sán kan ṣoṣo ló parí ọ̀rọ̀ ọdún kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹjọ́ bá wà láàárín yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù bóyá ìlàjà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ohun tó ń dùn yín, kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbà nìkan. Ẹ má fọwọ́ síwèé tí kò yé yín. Tí ẹ bá sì ń bẹ̀rù ẹnì kejì yín, ẹ tètè sọ fún onílàjà kí ẹ tó bá a jókòó.

Ẹ̀yin agbaninímọ̀ràn bíi tèmi, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé "Pè é lẹ́jọ́," ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló dùn ún. Ọdún kan ni mo fi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi, n kò bi í.