Àpá Tí Bàrákàt Fi Pamọ́

Bàrákàt aránṣọ, ní Ìkòtún, tún ti ká ẹní ìkírun rẹ̀ ti ògiri. Ọjọ́ kẹtàlá rèé tí ẹ̀jẹ̀ kò jẹ́ kó kírun. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti parí, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ dúdú ṣì ń kán díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń rí lóṣooṣù nìyẹn láti ìgbà tó ti bí Qonitah, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Oyún kejì náà kò sì dé.

"Àgbo tí ò ń mu yìí ti tó, jàre," ni Ìyá Ṣàfíù, ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wí. "Dìde, ká lọ sí ọsibítù."

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùnmí ló gbà wọ́n níbẹ̀. "Ìyá Qonitah, ṣé iṣẹ́ abẹ lẹ fi bímọ?"

Bàrákàt fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Rárá o, fúnra mi ni mo bí i."

Irọ́ ni! Abẹ ni wọ́n fi gbé Qonitah jáde. Òun àti Ṣàfíù ọkọ rẹ̀ ló jọ fi í pamọ́, kí ará ilé má baà sọ pé kò lágbára. Irọ́ yìí kan náà ló ti pa fún dókítà méjì. Ẹ gbà mí! Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa wò?

Ìyá Ṣàfíù mí kanlẹ̀. "Ìyàwó mi, nígbà tí mo wá tọ́jú ọmọ, tí mo ní kí n fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún ọ, o kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Mi ò fẹ́ dójú tì ọ́ ni mo ṣe dákẹ́."

Omijé bọ́ lójú Bàrákàt. "Màámi, ẹ má bínú."

"Èmi ni kó o má bínú sí. Abẹ ló gba ìwọ àti ọmọ là, kí ni ìtìjú níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì fa ìjókòó sún mọ́ wọn. "Nígbà míì, ojú abẹ inú ilé ọmọ kì í jinná dáadáa. Á kù bí àpò kékeré. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù á dúró síbẹ̀, á wá máa kán nígbà tó yẹ kó ti dá. Ó sì lè mú kí oyún ṣòro. Ó lè jẹ́ nǹkan míì o, sikáànù, àwòrán inú ikùn, ló máa sọ."

"Ṣé wọ́n tún máa la ikùn mi ni?"

"Kì í ṣe bíi ti àkọ́kọ́. Tó bá gba iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè gba ojú ara wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà tín-ín-rín, tàbí kí wọ́n lu ihò kéékèèké sí ikùn. Bí ògiri ilé ọmọ bá ṣe nípọn sí ni dókítà máa fi yàn. Kì í sábà pẹ́ kéèyàn tó padà sílé."

Àpò yẹn náà ni sikáànù bá níbẹ̀. Ihò kéékèèké ni wọ́n fi tún un ṣe. Oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá lọ́jọ́ kẹfà. Bàrákàt ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀. Ti oyún, dókítà ní kó ṣe sùúrù kí ojú abẹ jinná ná.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ti fi abẹ bímọ rí, tí nǹkan oṣù yín kì í tètè dá, tàbí tí oyún ń pẹ́, ẹ lọ rí dókítà, ẹ sì sọ gbogbo òótọ́ fún un. Bí àpá yín kò bá yọ yín lẹ́nu, ẹ má wá abẹ kiri o. Ẹ̀yin ìyá ọkọ náà, bí ẹ bá mọ̀ pé abẹ ni ìyàwó ọmọ yín fi bímọ, ẹ tètè fà á mọ́ra. Ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Bàrákàt dákẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko.