Ọkọ̀ Tó Ń Dìde Kó Tó Rìn

Ife tíì kan ni dókítà eyín obìnrin kan kọ́kọ́ rí. Ife náà kún dẹ́nu, ó jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin kan tó ń fi ọwọ́ kejì wa ọkọ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà tí kòtò rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ gun gegele kan, ó sọ̀. Ó gun òmíràn, ó tún sọ̀. Tíì ò dà. Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó la ẹnu sílẹ̀ bí àwọn tó máa ń jókòó sórí àga rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ọkùnrin náà dúró níwájú rẹ̀, ó na ife sí i láti ojú fèrèsé.

"Ṣé ẹ máa mu ún? Ó ṣì gbóná. Ẹ̀yin lẹ pè lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, àbí?"

Òun náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń wá ọkọ̀ kiri, kì í sì í ṣe torí fáàrí. Bàbá tó bí i, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹrù, ti fi ẹ̀yìn ṣèṣe. Kòtò kékeré báyìí, tí ọkọ̀ bá bọ́ sí i, ìrora ni fún un. Ọdún méjì gbáko ni kò tíì kọjá ẹnu géètì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyekan rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ń gbé lápá kejì ìlú, ẹsẹ̀ ìyẹn náà ò sì gbà á mọ́. Orí fóònù ni àwọn méjèèjì ti ń kíra. Gbogbo ohun tí dókítà ń fẹ́ kò ju kí bàbá òun fojú kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé. Àlòkù ni, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é fún àwọn ọlọ́lá tí kò fẹ́ kí ọ̀nà bá wọn jà. Imú rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ rẹlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò ń bọ̀. Ìjókòó rẹ̀ gba dókítà mọ́ra bí ìgbà tí ìyá àgbà gbé ọmọ lé itan. Ọkùnrin náà fa ọ̀pá kékeré kan, ọkọ̀ rọra ba mọ́lẹ̀. Ó tún fà á, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gbé sókè, kí iwájú tó tẹ̀ lé e, bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní.

"Ẹ má máa kán an lójú," ọkùnrin náà ní. "Ó máa ń dìde kó tó rìn."

Iṣẹ́ títún dùùrù ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un kó tó kú, ṣùgbọ́n dùùrù kì í wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì ló nílò. Ó ti lé oníbàárà méjì lọ torí pé wọ́n gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa. Dókítà fi ìka méjì ti ilẹ̀kùn náà, ilẹ̀kùn pa dé wẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà wo ìka yẹn pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tó gbọ́ ti bàbá tí ẹ̀yìn ń dùn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bọ́ọ̀lù irin kan wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, epo àti afẹ́fẹ́ inú wọn ló ń gbé ọkọ̀ náà gẹ̀gẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn lápá òsì ti gbó. Òun ti ránṣẹ́ ra tuntun, ó máa dé láàárín oṣù méjì.

"Ẹ lè máa dá wà á títí ó fi máa dé," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé bàbá sí i."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé méjì, ó fọwọ́ sí i, dókítà náà fọwọ́ sí i, oníkálukú mú ọ̀kan. Dókítà ti tirẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ àpò. Nígbà tó délé, gbogbo ẹwà ọkọ̀ ló ròyìn fún bàbá, kò mẹ́nu kan àléébù. Ó mọ bàbá rẹ̀. Dírẹ́bà àtijọ́ tó bá gbọ́ pé nǹkan ti gbó lára ọkọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an ló máa ní kí wọ́n dá a padà.

Sátidé kọ̀ọ̀kan ni atúndùùrùṣe ń wá yẹ epo ọkọ̀ wò. Epo ni wọ́n pè é o. Ní Sátidé kejì, bàbá yọjú lójú fèrèsé yàrá rẹ̀, ó béèrè irú epo tí wọ́n ń yẹ̀ wò láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi fẹ́ dùn ún. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Ó ní ẹni tó lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì tó rẹ̀ àti èyí tó ń ṣàìsàn kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

Ní Sátidé kẹta, atúndùùrùṣe mú dókítà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣí ìdérí dùùrù kan.

"Eyín méjìdínláàádọ́rùn-ún," ó ní. "Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe."

"Àwọn tèmi máa ń ké."

"Tèmi náà ń ké. Ìyẹn gan-an ni mò ń gbọ́."

"Eyín tìrẹ ńkọ́? Ta ló ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀?"

"Kò tíì sẹ́nì kankan. Dókítà mi ni mò ń retí."

Ibẹ̀ ni dókítà ti ṣàkíyèsí pé òun ti ń pè é ní ìwọ. Ó yẹ kí ojú tì í, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀gbọ́n bàbá pè. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀. Bàbá gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ara dókítà ò gbà á mọ́. Ó fún bàbá ní bàtà rẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ.

Títí wọ́n fi dé ìdajì ọ̀nà, bàbá ń yin ọkọ̀ náà bí ẹni ń yin ọmọ rẹ̀. Ó ní bóun bá ti ní irú èyí láyé ijọ́un, ẹ̀yìn òun ì bá má bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gun gegele kan tí kò ju àwọn yòókù lọ, apá òsì ẹ̀yìn já wálẹ̀ gbàà, bàbá sì ké. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé ọkọ̀ dé ìta géètì, ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí.

Atúndùùrùṣe wá lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Bàbá ò ní kó jókòó.

"Ṣé o mọ̀ pé nǹkan yẹn ti gbó kí o tó tà á?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì jẹ́ kí ọmọ mi gbé e lọ."

"Mo jẹ́ kó gbé e lọ, sà."

Ó wo dókítà lẹ́ẹ̀kan péré. Dókítà jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n la ẹnu, tirẹ̀ ò là. Ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò dákẹ́ rí níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ ni kó kọ́kọ́ bá a wí. Bàbá ní kí ọmọkùnrin náà má ṣe tẹ inú ọgbà òun mọ́. Ọmọkùnrin náà ní kí ara bàbá tètè yá, ó sì lọ.

Kò pè lẹ́yìn ìyẹn. Dókítà náà ò pè, torí kí ló fẹ́ wí?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí bàbá ti ń jókòó lójú fèrèsé padà, ó rí ọmọkùnrin náà níta géètì. Bọ́ọ̀lù irin tuntun ti dé. Kò tẹ inú ọgbà. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta, ó dán an wò, ó nu ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan án, ó lọ.

Nígbà tí dókítà dé nírọ̀lẹ́, bàbá ròyìn fún un.

"Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Àánú ló ṣe mí pé òpùrọ́ ló ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ọkọ̀ náà. Mi ò fẹ́ nǹkan òpùrọ́ nítòsí mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ dókítà lára bí abẹ́rẹ́. Ó tú àpò rẹ̀, ó fi ìwé náà lé bàbá lọ́wọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Òun kọ́ ni òpùrọ́, bàbá mi. Èmi ni. Ó sọ fún mi, ó ní kí n má gbé yín sí i. Mo fẹ́ kí ẹ rí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀rù sì bà mí pé ẹ máa kọ ọkọ̀ náà."

Bàbá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"O jókòó síbí lọ́jọ́ yẹn."

"Mo jókòó, bàbá."

"O sì jẹ́ kí n lé e."

Omi lé ròrò sí dókítà lójú. Bàbá ò pariwo, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó béèrè bóyá ọmọkùnrin náà ní irú ìwé yìí lọ́wọ́. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi orí títí.

"Ó ní in lọ́wọ́, kò sì mú un jáde. Lọ́la, gbé mi lọ bá a."

Ní gegele àkọ́kọ́, bàbá le koko, ó di ìjókòó mú. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n dé ibi iṣẹ́ dùùrù, ó pe ọmọkùnrin náà síbi fèrèsé ọkọ̀.

"Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ mú. Mo bẹ̀ ọ́."

Kì í ṣe ohun kékeré kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé níwájú ọmọ rẹ̀. Atúndùùrùṣe ní kí wọ́n má bẹ òun, pé báwo ni ẹ̀yìn? Lẹ́yìn náà ó padà wọlé, dókítà sì tẹ̀ lé e.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún un?"

"Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde. Tí mo bá sọ ọ́, mo jàre, bàbá rẹ á sì máa fojú òpùrọ́ wò ẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi irú àre yẹn ṣe?"

"Ó dùn ẹ́."

"Ó dùn mí gan-an. Kì í ṣe ẹ̀bi tí mo rù. Pé o jẹ́ kí n dá lọ ni."

"Mi ò ní jẹ́ kí o dá lọ síbì kankan mọ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí eyín á fi tán lẹ́nu àwa méjèèjì," ló wí, ó sì ń sunkún, "èmi dẹ̀ ni màá máa tọ́jú wọn, wọn ò ní tètè tán."

Bàbá fun fèrè ọkọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń retí, àti pé atúndùùrùṣe ni kó wà á.

Bàbá bọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ọkọ̀ dìde, ó gbéra. Kò pẹ́ tí orí bàbá fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn. Ẹni tó ti wakọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kì í sáàbà sùn nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ méjèèjì fi rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n má bàa jí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ yàrá tí wọ́n máa gbé, wọ́n sọ ibi tí dùùrù kan máa dúró sí, wọ́n sì fi ìgbéyàwó sí ìparí ọdún.

"Ìparí ọdún ti jìnnà," ni ohùn kan wí lẹ́yìn. Bàbá ò la ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi sí oṣù tó ń bọ̀."

Atúndùùrùṣe wo dókítà, dókítà wò ó. Wọ́n jọ dáhùn pé ó ti dáa, bàbá.