Àpótí Tó Láyè Èémí

"Kí lo fẹ́ fi pépà yẹn ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Olùtajà kọ̀mpútà ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ti tajà fún ogún ọdún, kò tíì rí oníbàárà tó yọ pépà jáde nínú báàgì, tó sì ń kì í bọ inú àpótí kọ̀mpútà bí ẹni ń wọ aṣọ fún ọmọ tuntun. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tó wà níwájú rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìbéèrè ni wọ́n ń pè é nílé àti nílé ìwé, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, á bi yín pé láti apá ibo.

"Pátánì ni, sà," ló fi dáhùn. "Bí àwọn ẹ̀yà kọ̀mpútà wa ṣe tóbi tó nìyí. Èyí ni bọ́ọ̀dù ńlá, èyí ni káàdì àwòrán, páálí tó ga yìí sì ni irin tí ń fa ooru pẹ̀lú fáànù orí rẹ̀. Mo fẹ́ mọ àpótí tó máa gbà wọ́n."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kò sí ọjọ́ tí nǹkan kan kì í dán lára rẹ̀, ìbáà ṣe yẹtí, ìbáà ṣe okùn bàtà.

Ohun tó gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe kékeré. Olùkọ́ físíìsì wọn gba àwọn kọ̀mpútà tí ọ́fíìsì kan kò lò mọ́, ó ní kí àwọn ọmọ kíláàsì pín ara wọn ní méjì-méjì, kí wọ́n tú ẹ̀yà tó ṣì dára lára wọn, kí wọ́n sì fi to kọ̀mpútà tiwọn nílé. Àpótí nìkan ni yóò jẹ́ tuntun, olùtajà yìí ló sì ní òun yóò fún wọn. Tó bá di Sátidé, kọ̀mpútà kọ̀ọ̀kan yóò so ọ̀kẹ́ àìmọye àwòrán pọ̀ di fíìmù lójú adájọ́, àpótí rẹ̀ yóò sì wà ní títì. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fún wọn. Adájọ́ náà ni ẹnjiníà tó ni ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó tóbi jù nílùú. Àwọn méjì tí kọ̀mpútà wọn bá kọ́kọ́ parí ni yóò lo ìsinmi gígùn lọ́dọ̀ rẹ̀, tí yóò máa kọ́ wọn níṣẹ́. Ìbéèrè ti ń fẹ́ wọ ilé iṣẹ́ yẹn láti ìgbà tó ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àyè kan níbẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń wá.

Àpótí méjì ni olùtajà gbé kalẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan dúdú, dígí ni ẹ̀gbẹ́ àti iwájú rẹ̀, iná aláràbarà sì ń sáré kiri nínú rẹ̀. Èkejì jẹ́ irin aláwọ̀ eérú, ó fẹ̀, iwájú rẹ̀ kún fún ihò bí asẹ́.

"Ìyẹn jọ ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí," ni Ọ̀ṣọ́ wí. "Èmi ò ní gbé e kọjá níwájú èèyàn."

Ìbéèrè ki pátánì rẹ̀ bọ inú onídígí. Ó wọlé rẹ́gí, etí kan etí. Òótọ́ ni pé iwájú rẹ̀ kò ní ihò kankan, ṣùgbọ́n ta ló ń wá ihò nígbà tí iná ń tàn yẹ̀rì-yẹ̀rì lójú ẹni? Ọmọ tí kì í dákẹ́ ìbéèrè kò béèrè ẹyọ kan lọ́jọ́ náà.

"Bí kò bá bá yín mu, ẹ lè wá pààrọ̀ rẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀," ni olùtajà wí, "bí ẹ ò bá sáà ti ha á lára."

Yàrá iwájú ilé wọn ni màmá Ìbéèrè ti ń ránṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ méjèèjì gba igun kan yàrá náà, wọ́n ń to kọ̀mpútà wọn. Gbogbo ẹ̀yà wọlé, ó wá ku wáyà. Ibi tí wáyà máa gbà kò sí. Wọ́n ká a, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi èjìká ti dígí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó gbà láti pa dé. Wọ́n tàn án. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé, iná àwọ̀ sánmà. Ọ̀ṣọ́ jó yí yàrá po. Wọ́n wá fún un níṣẹ́ fíìmù, iṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ó kú. Wọ́n tún un tàn. Iṣẹ́jú méjìdínlógún ló lò lẹ́ẹ̀kejì.

Màmá Ìbéèrè gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan dígí náà bí ẹni ń wò ó bóyá ibà ń ṣe ọmọ.

"Ara rẹ̀ ń jó o. Pátánì tí o gé fún un, mélòó lo fi sílẹ̀ fún àyè?"

"Àyè kẹ̀, Màmá? Bí wọ́n ṣe tóbi náà ni mo gé e."

Màmá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ aránṣọ nìyí. Ẹni tí mo bá ránṣọ fún, ṣé bí ara rẹ̀ ṣe tó gan-an ni mo ń gé aṣọ? Kò ní jókòó ni? Kò ní mí?"

"Kọ̀mpútà kì í mí, mà," ni Ọ̀ṣọ́ rọra sọ.

"Fáànù mélòó lẹ kó sínú rẹ̀?"

"Mẹ́ta, mà."

"Kí ni wọ́n wá ń fẹ́ níbẹ̀?"

Ìbéèrè fọwọ́ pa iwájú àpótí náà, kò kan ihò kankan tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Ojú ti Ìbéèrè gan-an. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ yẹn ló ti rá kòrò dàgbà, ojoojúmọ́ ló ń rí màmá rẹ̀ tó ń fi ìka méjì kún etí aṣọ kó tó gé e, òun náà ló wá gé pátánì láìfi àyè sílẹ̀. Ohun tó ń dán ló gbà á lọ́kàn.

Nígbà tí oníbàárà kan pe màmá rẹ̀ síta, Ọ̀ṣọ́ fà á mọ́ra.

"Gbọ́ ná. Ká yọ dígí ẹ̀gbẹ́ yìí, kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀, kí ó parí fíìmù náà nílé níbí. Tó bá di Sátidé, ká dé e padà, ká wá ṣí èyí tó ti parí fún wọn bíi pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ta ló máa mọ̀?"

Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbéèrè létí. Kò sẹ́ni tó máa lè bá wọn díje bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, àyè ilé iṣẹ́ yẹn sì ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rò ó. Ó wá rí ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnjiníà náà, tí wọ́n ń bi í bí ó ṣe ṣe é, tí kò sì ní èsì kan tó lè fi dá wọn lóhùn. Ó dìde.

"Rárá o," ló wí. "Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mi ò lè wọ ibẹ̀ kí n wá máa gbé nínú ẹ̀rù. Ká dá àpótí yìí padà."

"Ká wá gbé ti onírinṣẹ́ yẹn? Kí gbogbo kíláàsì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Kí wọ́n máa ṣe é. Yẹ̀yẹ́ kì í pa kọ̀mpútà. Ooru ló ń pa á."

Ọ̀ṣọ́ fi ìbínú gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ṣá, ó padà wá, ó di etí kejì téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ mú. Wọ́n jọ gé pátánì tuntun. Ìka méjì ni wọ́n fi kún etí kọ̀ọ̀kan, ìka mẹ́ta sí ibi tí wáyà máa gbà.

Ní Ọjọ́bọ̀, olùtajà wo onídígí náà yíká, kò rí ibi kankan tó ha lára rẹ̀. Ó gbé aláwọ̀ eérú wá. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá èyí padà nítorí pé kò lẹ́wà. Ṣé ó dá yín lójú?"

Ìbéèrè ki pátánì bọ inú rẹ̀, ó sì ṣẹ́ku àyè yíká. Ó ní, "Ó dá wa lójú, sà."

Sátidé dé, oòrùn sì mú. Kọ̀mpútà márùn-ún ló ti wà lórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, gbogbo wọn ń tàn bí ṣọ́ọ̀bù oníwúrà. Bí Ìbéèrè àti Ọ̀ṣọ́ ṣe gbé ẹkẹfà wọlé ni ẹnì kan ké látẹ̀yìn pé, "Àwọn tó ń tún páìpù ṣe ti dé o!" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣọ́ sorí kọ́. Ó dun Ìbéèrè náà, àmọ́ ó so wáyà rẹ̀ mọ́ iná, ó jókòó.

Ẹnjiníà lu aago. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí onídígí àkọ́kọ́ fi kú. Àwọn tó ni ín tún un tàn, ó tún kú. Nígbà tí wákàtí kan fi máa pé, mẹ́ta ti dákẹ́. Ìkan kò kú, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹnjiníà fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó mi orí. "Bí ooru bá pọ̀ lára kọ̀mpútà," ló wí, "á dẹ ìrìn rẹ̀ kí ó má baà jóná."

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń lé Ìbéèrè àti Ọ̀ṣọ́. Ọmọkùnrin méjì ni, dígí ni àpótí tiwọn náà, àmọ́ ihò wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdá mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni fíìmù tiwọn dé, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni ti Ìbéèrè dé. Ọ̀ṣọ́ ti di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, kò mọ̀ pé òun ń fún un. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta pé, fíìmù wọn jáde látòkè délẹ̀, àpótí aláwọ̀ eérú náà sì tutù bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Gbọ̀ngàn hó yèè. Ẹnjiníà ní kí wọ́n dákẹ́.

"Ta ló yan àpótí yìí?"

Ìbéèrè dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohun kan pamọ́: onídígí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé, pátánì tí kò ní àyè, bí kọ̀mpútà ṣe kú lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó jókòó, Ọ̀ṣọ́ dìde tirẹ̀.

"Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ní ká rẹ́ yín jẹ, sà. Òun ló kọ̀. Èmi ì bá ti bà á jẹ́."

Ẹnjiníà kọjú sí i. "Ẹni tó lè sọ èyí lójú gbogbo èèyàn," ló wí, "mo lè gbé irinṣẹ́ mi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin méjèèjì, mò ń retí yín ní ọjọ́ Ajé tí ìsinmi bá bẹ̀rẹ̀. Ta ló wá kọ́ yín pé kí ẹ fi àyè sílẹ̀?"

"Màmá mi ni, sà. Aránṣọ ni wọ́n. Àwọn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn."

Gbogbo ojú yí padà. Obìnrin náà ti sáré kúrò nídìí iṣẹ́ wá, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀mpútà o, sà."

"Ohun tí ẹ mọ̀ yẹn, mà," ni ẹnjiníà fèsì, "ọdún kan gbáko ni àwọn tí mò ń kọ́ fi ń wá a. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò pamọ́ fún ọmọ ilé ìwé kankan lọ́jọ́ náà. Dígí kò jẹ̀bi, ṣebí àwọn tó ṣe ipò kejì náà lò ó. Ẹ̀bi ń bẹ lọ́rùn ẹni tó fi ojú yan ohun tí kò fi òye wọ̀n, ó sì wúwo jù lọ́rùn ẹni tó ṣàṣìṣe tán, tó wá fẹ́ fi irọ́ bò ó nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà.

Olùkọ́ físíìsì ló kọ́kọ́ dìde dúró tó ń pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ kíláàsì tẹ̀ lé e, àwọn òbí náà dìde. Nínú àwọn òbí yẹn, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé màmá Ìbéèrè ló rán aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń ránṣọ fún wọn, wọn kò dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un rí. Ọmọ rẹ̀ wò ó, ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín tó tún ń nu ojú, inú rẹ̀ sì dùn ju ìgbà tí fíìmù náà jáde lọ.