Ẹ́ńjìnnì Tí Akíndélé Kò Fẹ́ Tú

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì jẹ́ ọ̀gá níbí, ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní pàdánù iṣẹ́ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni olùdarí ilé iṣẹ́ kan ní Berlin sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2003. Ó gbọ́wọ́ lé àyà bí ó ti ń sọ ọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ náà pa, olùdarí náà sì ti gba ipò tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ibòmíràn. Kò padà wá dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Akíndélé wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Mẹ́káníìkì ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, ó fi Fọláwùnmí aya rẹ̀ àti Dérìnsọ́lá ọmọ wọn sílẹ̀ ní Berlin, ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Hamburg. Ó búra pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ Berlin mọ́, àfi bí òun bá fi ògo wọ̀ ọ́.

Ìbínú nìkan ni ó ń bá a gbé inú yàrá tó gbà ní àdúgbò Wilhelmsburg ní Hamburg. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀. Yóò se oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo, yóò jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́bàá fèrèsé, yóò máa wo S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, tí ń gbé àwọn ẹlòmíràn lọ sílé wọn. Kì í gbàdúrà. Ó ti pinnu pé òpùrọ́ ni gbogbo ẹni tó bá ní agbára, ó sì ka Ọlọ́run mọ́ wọn.

Ó wá ra Chevrolet àtijọ́ kan, mọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gùn gbọọrọ, ó gbé e sí ṣẹ́ẹ̀dì kan ní Rothenburgsort. Ó họ ìpẹtà kúrò lára rẹ̀, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa, ó fi awọ funfun bo ìjókòó rẹ̀. Mọ́tò yìí ni ó ń bá sọ̀rọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí kò ní ẹlòmíràn tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Dérìnsọ́lá sọ fún un lórí fóònù pé òun àti Julian fẹ́ ṣègbéyàwó ní Berlin.

"Èmi fúnra mi ni n óò fi mọ́tò mi gbé ọ lọ," ni bàbá wí. "Má bá ẹlòmíràn lọ. Dúró dè mí."

"Papa, versprochen?"

"Mo ṣèlérí."

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kàn-kàn-kàn, irin ń lu irin láti ìsàlẹ̀ wá. Akíndélé mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn bẹ́rìn inú rẹ̀, irin tí ń jẹ́ kí ó yí geere, ti jẹ. Kí a gbé ẹ́ńjìnnì jáde, kí a tú u dé ìsàlẹ̀, kò sí oògùn mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tú u, iṣẹ́ náà kò ní parí kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé.

Oyèníyì, ọmọ Ọlọ́run kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, wá kí i ní ṣẹ́ẹ̀dì, ó sì gbọ́ ìró náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tú u. Ẹ wọ rélùwéè lọ. Ẹ̀yin lọmọ yín fẹ́ rí, kì í ṣe mọ́tò."

"Kí n sọ̀ nínú rélùwéè pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, kí àwọn àna mi máa wò mí tìyanu-tìyanu? Ọ́ìlì tó ki ni mo máa dà sí i. Á dákẹ́."

"Á dákẹ́, kò ní sàn."

"Pásítọ̀ ẹ́ńjìnnì! Ó yá, gbégbá ọrẹ wá."

Oyèníyì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbà. Àmọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe mọ́tò yìí lẹ ṣe ń ṣe ọkàn yín. Ẹ kun òde, ẹ fi ìkórìíra sílẹ̀ nínú. Jésù kì í kun ènìyàn ní ọ̀dà, ẹ̀gbọ́n. Ó ń sọ ọ́ di tuntun láti inú wá ni."

Akíndélé nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Oyèníyì jáde.

Ó da ọ́ìlì tó ki sínú ẹ́ńjìnnì. Ìró náà dákẹ́ lóòótọ́. Síbẹ̀ kò fọkàn tán an, ó sì wa mọ́tò náà lọ sí ìjọ kan ní Steilshoop, níbi tí wọ́n ti máa ń súre fún mọ́tò tuntun lẹ́yìn ìsìn. Alàgbà da òróró sórí mọ́tò, ìjọ ṣe Àmín. Wọ́n gba ọrẹ, wọ́n ya fọ́tò. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, òun náà kò sì sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó wọ agbádá, ó sì mú ọ̀nà Berlin pọ̀n. Nígbà tí ó dé àárín oko tí kò sí ilé kankan, ẹ́ńjìnnì ké, irin kan já nínú rẹ̀, ó sì lu ara ẹ́ńjìnnì náà yọ síta. Ọ́ìlì ṣàn sójú Autobahn, ọ̀nà márosẹ̀ náà. Akíndélé dúró létí ọ̀nà. Àwọn mọ́tò ń sáré kọjá, ẹnikẹ́ni kò wẹ̀yìn.

Fóònù dún.

"Papa, wo bist du? Níbo lẹ wà? Mo ti wọ aṣọ mi. Iwájú ilé ni mo wà."

Ọmọ náà gbọ́ ariwo ọ̀nà, ó gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ti ń mí. Ó pa fóònù.

Níbẹ̀ ni Akíndélé ti rí ara rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá ni ó ti ń ṣépè fún olùdarí tó fi ọ̀rọ̀ dídùn tan àwọn tó gbára lé e. Kí ni òun náà ṣe? Ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kò ní dé Berlin. Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa dúró de ìlérí òun.

Ó kúnlẹ̀ sórí koríko. "Olúwa, èmi ni òpùrọ́ náà. Mi ò ní àwáwí. Nítorí Jésù, ṣàánú mi."

Kò gbọ́ ohùn kankan. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún wọ̀nyẹn, ó sunkún, ó sì mọ̀ pé Ẹnì kan ń gbọ́ òun. Ó pe Oyèníyì, ẹni tí ó ti lé jáde. Oyèníyì wa mọ́tò rẹ̀ wá bá a.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọlé, òtútù ń mú." Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, kí ni o dà sínú ọkàn tìrẹ kí ó lè dákẹ́? Ọtí ni? Ipò nínú ìjọ ni? Àbí ẹ̀bi ẹlòmíràn tí o kà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí o kò fi ráyè ka tìrẹ? Àwọn ènìyàn lè da òróró sí ọ lórí láìbéèrè nǹkan kan. Kristi yóò béèrè. Òun ló kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, tó sì jí dìde. Jẹ́wọ́ fún Un níbi tí o wà yìí. Má sún un di ẹ̀yìn ayẹyẹ, má sún un di ọ̀la.

Ọlọ́run dárí ji Akíndélé pátápátá. Kò dá ọjọ́ náà padà fún un. Akíndélé ṣèlérí fún Dérìnsọ́lá pé òun ni yóò gbé e lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀. Takisí ló gbé e lọ.