Ẹni Tó Bá Ronú Ní Ẹyọ Méjì

Nereida ló kọ́kọ́ pè mí. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá mi, Doña Mercedes, ni. Mo ti yunifásítì dé sí Baní, ìlú wa, ilé wa sì dákẹ́ débi pé kíkùn fíríìjì nìkan ni mò ń gbọ́. Mo bọ́ síta. Lábẹ́ igi iwájú ṣọ́ọ̀bù Don Chano, àwọn mẹ́ta jókòó ti tábìlì dómínò: Don Chano fúnra rẹ̀, Polo ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti Nereida, ọmọbìnrin Don Chano. Àga kan ṣófo.

"Ọmọ Doña Mercedes," Nereida ní, "wá jókòó. Méjì-méjì là ń ta á, mi ò sì ní ẹnìkejì."

Mo ní mi ò ta dómínò rí. Polo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé adìẹ tí kò mọ ọ̀bẹ kì í sá.

Mo fẹ́ràn ìṣirò àti àlọ́, mo sì rò pé eré ọmọdé ni. Mò ń ka ẹyọ tó ti jáde, mò ń ka èyí tó kù. Nígbà tó kàn mí, ẹyọ kan ṣoṣo ló bá ojú tó wà nílẹ̀ mu, ṣùgbọ́n mo dì í mú, mo ń wò ó bí ọlọgbọ́n. A pàdánù.

"Kí lò ń rò?" Nereida béèrè. "Ẹyọ kan péré ni o ní tó bá a mu."

Mo da ẹyọ mi padà sáàárín tábìlì.

"A kì í sọ̀rọ̀ nídìí eré yìí," ó ní. "Bí o bá dúró ronú, ohun tí ò ń sọ fún mi ni pé o ní méjì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, gbé e sílẹ̀ kíá. Bí o kò bá ní rárá, kan tábìlì, kó kọjá sí ẹni tó tẹ̀ lé ọ. Má fi ọwọ́ rẹ parọ́ fún mi."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń jókòó kọjú sí i. Mo kọ́ láti gbọ́ ìdákẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ na àwọn àgbà náà, ó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, ó sì pè mí ní olólùfẹ́ òun. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ fíríìjì.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ ìrìnnà rẹ̀ dé láti Madrid, níbi tí ìyá rẹ̀ wà. Don Chano fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọmọ mi, mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń rá ni ìyá rẹ̀ ti ń dá gbé níbẹ̀, tó ń fọ ilé onílé. Ṣé kí n ní kí ìyá rẹ̀ máa dá wà lọ bẹ́ẹ̀?"

Èmi tí mi ò ní ìyá mọ́, kí ni mo lè sọ?

Ní ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, ó kan Nereida láti ta. Mo rú òfin tábìlì.

"Olólùfẹ́ mi, dúró. Jẹ́ ká fẹ́ra wa."

Don Chano tẹjú mọ́ ẹyọ ọwọ́ rẹ̀. Polo pàápàá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nereida dákẹ́. Ó dákẹ́ títí yìnyín inú ife Polo fi yọ́ tán.

"Mò ń lọ bá ìyá mi," ó ní, ó sì ta.

Nereida kì í ronú lórí ẹyọ kan. Dídúró tì mí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ó rí i, ó wò ó dáadáa, ó sì gbé èkejì sílẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn.

Polo ta tirẹ̀, ó wá kàn mí. Mo wo gbogbo ẹyọ ọwọ́ mi, kò sí èyí tó bá ojú tó wà nílẹ̀ mu.

Mo kan tábìlì.