Ìlà Tí Mo Sún

"Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ta ló máa mọ̀?"

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín pápá bọ́ọ̀lù, ìrì ti rin bàtà wa. Okùn ìwọ̀n bàbá mi wà lọ́wọ́ mi, kẹ̀kẹ́ tí a fi ń fa ẹfun sí ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ku wákàtí mẹ́sàn-án kí eré bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ni olùtọ́jú pápá fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa. Òun ló ń gé koríko, òun ló ń so àwọ̀n mọ́ òpó góòlù, òun ló sì ń fa ìlà funfun tó yí pápá ká. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó já bọ́ láti orí àkàbà níbi tó ti ń tún àwọ̀n so, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì kán. Bí iṣẹ́ ìlà ṣe di tèmi nìyẹn, nítorí èmi ni mo ti ń bá a di okùn mú láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì lè fa ìlà lórí koríko kó gún ju èyí tí ẹlòmíràn fi rúlà fà sínú ìwé lọ.

Ẹgbẹ́ wa ńkọ́? Ká má parọ́, ẹgbẹ́ wa ò dáa. Líìgì kẹta ni a wà, nínú rẹ̀ náà, ìsàlẹ̀ la jókòó sí. Eré tó kẹ́yìn ọdún ni a fẹ́ gbá lọ́jọ́ náà. Bí a bá ta ọ̀mì, a yè. Bí a bá fìdí rẹmi, a já sí líìgì kẹrin, wọn yóò sì ní kí ìdajì àwọn agbábọ́ọ̀lù wa máa lọ ilé wọn. Àwọn tó sì ń bọ̀ wá bá wa kì í ṣe ẹgbẹ́ tí èèyàn ń fojú di. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n ti borí léraléra.

Wọ́n ní ọmọkùnrin kan tó ń gbá apá òsì, Mànàmáná ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣọ́ apá ọ̀tún fún wa, ìyẹn ni pé iwájú rẹ̀ gan-an ni Mànàmáná máa ń gbà kọjá. Nígbà tí a lọ bá wọn nílé wọn, ó kọjá, ó kọjá, títí ó fi di góòlù márùn-ún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ilẹ̀kùn Àìtì. Bó bá ń lọ ra búrẹ́dì ní òpópónà, àwọn ọmọdé á máa ké e tẹ̀lé e lẹ́yìn. Kóòṣì sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé bí ẹgbẹ́ bá já, orúkọ rẹ̀ lòun máa kọ́kọ́ yọ.

"Bọ̀dá mi, bàbá máa mọ̀," ni mo dá a lóhùn.

"Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀? Ẹ̀yìn góòlù la máa gbé àga sí fún wọn. Wò ó, àbúrò mi, eré sísá nìkan ni Mànàmáná ní, etí ìlà ló sì ti ń sá a. Tó o bá dín àyè ibẹ̀ kù, ibo ló fẹ́ gbà? Ṣé orí mi ló máa fò kọjá ni?"

"Ìlà ò mọ onílé, kò mọ àlejò."

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni. Kò sí ìgbà tó so okùn mọ́ èèkàn tí kì í sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"Òótọ́ ni. Àmọ́ ìlà ò ní bá mi wá iṣẹ́ míì tí wọ́n bá lé mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò ti jẹun dáadáa. Èmi tí mo bá a gbé ilé kan náà mọ̀ pé kò mọ iṣẹ́ mìíràn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Okùn bàbá mi ní kókó méjì tó fi aṣọ pupa wé, ọ̀kan fún gígùn pápá, ọ̀kan fún fífẹ̀ rẹ̀. Bó bá fa ìlà tán, á tún rìn láti ara ògiri tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan pápá wá sídìí ìlà, á máa kà á sókè: ìgbésẹ̀ mẹ́jọ. Bó bá dín, tàbí tó lé, á pa á rẹ́, á tún un fà. Èmi sún èèkàn wọnú láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sún àsíá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀lé e. Òjò ti fọ ìlà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ku fírífírí. Mo fi ẹsẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ bo ìyókù. Láti ara ògiri dé ìdí ìlà wá di ìgbésẹ̀ mọ́kànlá. Síbẹ̀, ìlà náà gún.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ń fi ìka họ etí báńdéèjì líle tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ló bi mí.

"Ṣé ó pé mẹ́jọ?"

"Ó pé, bàbá mi."

Ó gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan, ó ní mo ṣeun. Mo wọ yàrá lọ, n kò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè mí.

Ní agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pápá ti kún. Alásíá tó máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé àsíá sókè bí bọ́ọ̀lù bá jáde, jẹ́ obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó rìn lẹ́bàá ìlà láti igun kan dé èkejì, ó sì dúró níwájú mi.

"Ta ló fa ìlà yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó gún régé. Ọ̀pọ̀ ibi tí a máa ń lọ, ìlà wọn á kàn máa wọ́ kiri. Irú èyí máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ wa rọrùn. O ṣeun, ọmọ dáadáa."

Ọmọ dáadáa! Ká ní ilẹ̀ lè lanu, ǹ bá wọlé síbẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mànàmáná ki eré mọ́lẹ̀ ní apá òdìkejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ọ̀lù jáde mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó mi orí. Àwọn ará ìlú wa bú sẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀kùn ti ní kọ́kọ́rọ́ o!" ni ọkùnrin kan ké lẹ́yìn mi, gbogbo èèyàn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ mi, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo ẹ̀yìn góòlù, bàbá mi kì í wo bọ́ọ̀lù. Ògiri ló ń wò. Ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka nǹkan. Títí a fi lọ sinmi, òdo sí òdo ni, aṣọ mi sì ti tutù fún òógùn.

Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbọ́n mi wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí alásíá wà. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù jáde nítòsí góòlù wa. Ọkùnrin aláyà gbòòrò kan nínú àwọn àlejò gbé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì jù ú. Lórí pápá bàbá mi, bọ́ọ̀lù tí èèyàn fi ọwọ́ jù láti etí ìlà kì í dé iwájú góòlù. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Bọ́ọ̀lù bà sí iwájú aṣọ́lé wa gan-an, ẹnìkan fi orí kàn án, ó wọ àwọ̀n. Kóòṣì jókòó sílẹ̀ lórí koríko.

Láti ìgbà yẹn, n kò mọ bí mo ṣe ń mí. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Ó ku mẹ́wàá. Ó ku méjì. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo sì ń tijú pé mo ń bẹ̀ ẹ́.

Nígbà náà ni bọ́ọ̀lù kan yí lọ sí etí ìlà, Mànàmáná sì dẹ́kun eré, ó rò pé ó ti jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kò dẹ́kun. Ó fi ìdí wọ́lẹ̀, ó fa bọ́ọ̀lù padà, ó dìde, ó gbá a sí àárín. Agbábọ́ọ̀lù iwájú wa fi orí kàn án. Góòlù! Ariwo sọ. Àgbàlagbà tí n kò mọ̀ rí gbé mi sókè. Ọ̀mì ni, a ti yè!

Nígbà tí ó gbé mi sílẹ̀ ni mo rí àsíá náà lókè.

Ẹ̀gbọ́n mi wo àsíá, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wò mí. Ọdún márùn-ún ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá yìí. Orí rẹ̀ mọ̀ pé a ti sún ìlà, ṣùgbọ́n nínú eré àsáfẹ́ẹ̀ẹ́kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rántí. Bọ́ọ̀lù ti fi ìwọ̀n bàtà kan jáde. Níbi tí ìlà wà tẹ́lẹ̀, ó ṣì wà nínú dáadáa.

Rẹfirí fọn fèrè, eré parí, a já.

"Wọ́n ti ra obìnrin yìí!" ni ẹnìkan pariwo. Kí n tó ṣẹ́jú, èrò ti ya wọ inú pápá. Wọ́n ti alásíá náà mọ́ ògiri, wọ́n já àsíá rẹ̀ gbà, wọ́n ṣẹ́ ẹ. Òkúta kan bà á níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn sí etí ojú rẹ̀.

"Ó jáde!" ló ń wí. "Mo fojú ara mi rí i, ó jáde!"

Òótọ́ ló ń sọ. Èmi ni òpùrọ́ tó wà nínú pápá náà.

Mo lè lọ sílé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ẹ̀gbọ́n mi, kò sì ní sọ. Ẹsẹ̀ mi tilẹ̀ ti yí sí ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe yíjú báyìí, mo rí bàbá mi lórí ọ̀pá méjì tó fi ń rìn, lápá ibi tí èrò kò sí. Ó ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó wá ń rìn bọ̀ wá sídìí ìlà, ó ń kà á sókè. "Mẹ́jọ." Kò dúró. "Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mọ́kànlá." Ó dúró, ó wò mí.

Mo sáré. N kò mọ bí mo ṣe la àárín èrò kọjá, mo kàn bá ara mi níwájú obìnrin náà ni, mo na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Bọ́ọ̀lù jáde! Èmi ni mo sún ìlà!"

"Kí lọmọ yìí ń sọ?"

Mo fi ẹsẹ̀ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí ìlà àtijọ́ fi yọjú fírífírí. "Ibí ló yẹ kó wà. Ẹ wò ó. Èmi ni mo sún un láàárọ̀."

"Èmi ni mo ní kó sún un," ni ohùn kan wí lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé, ẹrẹ̀ bo aṣọ rẹ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Àwọn èèyàn sọ òkúta ọwọ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó pariwo kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan wò wá tìkà-tẹ̀gbin.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ́ kí a já," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọjọ́ kan. Àwọn aláṣẹ líìgì ní kí ẹ̀gbọ́n mi má gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́fà. Ti bàbá mi ló dùn mí jù. Ó sọ fún wọn pé òun ni olùtọ́jú pápá, ọrùn òun ni ẹ̀bi wà, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, ẹni tí ìlà rẹ̀ kò ṣì rí fún ọdún méjìlélógún. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Kò nà mí. Ì bá kúkú nà mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló bá mi sọ:

"Ìlà tó bá wọ́, gbogbo èèyàn á rí i, wọ́n á tún un ṣe. Ìlà tó gún tó sì ń parọ́, òun ló léwu."

Nígbà tí ọdún eré tuntun bẹ̀rẹ̀ ní líìgì kẹrin, bàbá mi gbé okùn náà lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi di etí kejì mú. Nígbà tí àkókò eré kù díẹ̀, ta ni mo rí? Obìnrin alásíá yẹn ni. Àpá kékeré wà níwájú orí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, ó jẹ́ mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri, ó wá ń rìn bọ̀, ó ń kà á sókè.

"Mẹ́fà. Méje. Mẹ́jọ."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ bà sórí ìlà gẹ́lẹ́. Ó tú àsíá rẹ̀, ó sì lọ sí ipò rẹ̀. Mo ń retí kó sọ pé ìlà náà gún. Kò sọ ọ́.

Mo mọ̀ nígbà náà pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà mí láti sún ìlà, àmọ́ ó máa pẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi tó tún tó gbára lé. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá sún ìlà nítorí àlejò, ẹ rántí pé ẹ̀yin náà lẹ máa sáré lórí pápá ọ̀hún.